Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Títẹ̀lé Jésù Láìfi Ẹsẹ̀ Kan Sílé

Lẹ́tà mẹ́rin ni a mú jáde lóṣù yìí nínú àwọn tí ó tẹ̀ wá lọ́wọ́. Wọn kò jọra lójú, ṣùgbọ́n ohun kan náà ni gbogbo wọn ń béèrè: báwo ni ẹni tí ó ti gba Jésù gbọ́ yóò ṣe máa tẹ̀lé E tọkàntọkàn nínú ọjà, nínú ilé, nínú àìsàn àti lẹ́nu iṣẹ́, níbi tí kò sí orin tàbí ìwàásù tí yóò rán an létí pé Kristẹni ni òun? A ti yọ orúkọ àwọn tí ó kọ̀wé kúrò, a sì gé lẹ́tà wọn kúrú díẹ̀.

Ìbéèrè: Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Gàrí, ìrẹsì àti ẹ̀wà ni mò ń tà ní Ìbàdàn, ó ti lé ní ọdún mọ́kànlá. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a jọ ń tà ni ó ti lu ìdí kóńgò wọn wọnú, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá ra kóńgò mẹ́wàá kò ní rí ju mẹ́jọ àti ààbọ̀ gbé délé. Èmi náà ní irú kóńgò bẹ́ẹ̀. Mò ń lọ sí ìsọjí, mò ń san ìdámẹ́wàá, mo sì fẹ́ràn Jésù ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá lo kóńgò tí ó pé, ọjà mi yóò wọ́n ju ti àwọn yòókù lọ, bẹ́ẹ̀ ni mo ní ọmọ mẹ́ta nílé ìwé. Ṣé Ọlọ́run kò ní fi ojú àánú wo ipò tí mo wà ni? (Ìyá oníṣòwò kan, Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ ṣeun tí ẹ sọ òtítọ́ nípa ara yín. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ní kóńgò tirẹ̀ tí ìdí rẹ̀ ti wọnú, yálà ní ọ́fíìsì, ní ilé ìwé tàbí lórí pẹpẹ pàápàá, tí a kò sì jẹ́ sọ ọ́ jáde.

Ọlọ́run ń fi ojú àánú wo ipò yín, ṣùgbọ́n àánú Rẹ̀ kò sọ òṣùwọ̀n èké di òṣùwọ̀n títọ́ rí. Deutarónómì 25 kà á léèwọ̀ pé kí ènìyàn ní òṣùwọ̀n méjì nílé rẹ̀, ńlá àti kékeré. Òwe 11:1 pe òṣùwọ̀n èké ní ìríra lójú Olúwa. Wòlíì Ámósì sì bá àwọn ọlọ́jà ìgbà tirẹ̀ wí, àwọn tí wọ́n ń béèrè ìgbà tí ọjọ́ ìsinmi yóò parí kí wọ́n lè padà sí ìdí ọkà, kí wọ́n sì sọ òṣùwọ̀n di kékeré. Ẹ kíyè sí i pé àwọn ènìyàn wọ̀nyí kì í pa ìsìn jẹ. Wọ́n ń dúró títí ìsìn yóò fi parí. Ọkàn wọn ni kò bá wọn dúró, ó ti ṣáájú wọn dé ìdí igbá.

Ẹ̀rù owó ilé ìwé ni mo rí nínú lẹ́tà yín, n kò rí ojúkòkòrò níbẹ̀. Jésù mọ irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀. Àwọn tí wọ́n wà ní ìdí ìwàásù Rẹ̀ lórí òkè ní Gálílì mọ ohun tí à ń pè ní àìní, Ó sì bá wọn sọ̀rọ̀ oúnjẹ àti aṣọ láìfi ìṣòro wọn ṣeré. Gbogbo wa ni a mọ Mátíù 6:33 sórí: 'Ẹ tètè máa wá ìjọba Ọlọ́run ná, àti òdodo rẹ̀.' Ṣùgbọ́n bí a bá ń fi ẹsẹ yìí gbàdúrà, a máa ń dúró díẹ̀ lórí ìjọba, a ó sì sáré lọ sí ibi tí ó ti ní a ó fi gbogbo nǹkan wọ̀nyí kún un fún wa, bí ẹni pé kò sí òdodo láàárín wọn. Òdodo yẹn gan-an ni ó kan kóńgò. Nígbà tí a bá lu ìdí rẹ̀ wọnú, ohun tí ọwọ́ wa ń wí ni pé Jésù lè gba ọkàn wa là, ṣùgbọ́n a kò lè fi owó ilé ìwé àwọn ọmọ wa lé E lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé ọ̀rọ̀ yín ju ọ̀rọ̀ olè jíjà lọ. Ọ̀rọ̀ ìgbẹ́kẹ̀lé ni.

Ẹ ra kóńgò tuntun. Ẹ má ṣe fi ti àtijọ́ pamọ́ sábẹ́ tábìlì nítorí bí ọjà kò bá lọ, ẹ tẹ̀ ẹ́ pa kí ó má ṣeé lò mọ́. Ẹ gbé iye owó sí ibi tí ó yẹ kí ó wà, kí ẹ sì sọ fún oníbàárà ní gbangba pé kóńgò yín pé. Ẹ jẹ́ kí ó ti ọwọ́ ara rẹ̀ bọ̀ ọ́, kí ó fọwọ́ kan ìdí rẹ̀. N kò ní purọ́ fún yín pé ọjà yóò yá láti ọjọ́ kejì. Ó ṣeé ṣe kí oṣù méjì tàbí mẹ́ta le. Ẹ sọ fún ẹgbẹ́ ìyá ìjọ yín ohun tí ẹ fẹ́ ṣe àti ìdí tí ẹ fi fẹ́ ṣe é, nítorí ó yẹ kí ìjọ tí ń gba ìdámẹ́wàá lọ́wọ́ yín lè yá yín lówó ilé ìwé sáà kan nígbà tí ẹ bá ń jìyà nítorí òdodo. Bí wọn kò bá ṣe é, ẹ̀bi tiwọn ni, kì í ṣe tiyín.

Ní ti àwọn tí ẹ ti rẹ́ jẹ, ẹ rántí Sákéù, agbowó òde, nínú Lúùkù 19. Jésù kò tíì mẹ́nu kan owó nígbà tí ó dìde dúró tí ó sì ní òun yóò dá ohun tí òun fi èrú gbà padà ní ìlọ́po mẹ́rin. Ẹ kò lè wá gbogbo oníbàárà ọdún mọ́kànlá rí, ṣùgbọ́n ẹ mọ àwọn tí ń padà wá sọ́dọ̀ yín. Ẹ fi èènì san án fún wọn. Ìyá tí ó bí mi ta èlùbọ́ títí ó fi darúgbó, èènì rẹ̀ ni ó sì kọ́kọ́ jẹ́ kí n lóye Lúùkù 6:38, níbi tí Olúwa ti ń sọ nípa òṣùwọ̀n tí a kì mọ́lẹ̀, tí a mì pọ̀, tí ó sì kún títí ó fi ń dà sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọjà ni Olúwa fi ṣàpèjúwe ọwọ́ Bàbá Rẹ̀, ẹni tí ó bá sì ti ra gàrí rí kò nílò àlàyé kankan sí i.

Ìbéèrè: Ó ti pé ọdún mẹ́jọ tí èmi àti ìyàwó mi ti ṣe ìgbéyàwó ní ilé ìjọsìn, a kò sì tíì rí ọmọ bí. Ìyá mi ní kí a fi ẹsẹ̀ kan tọ ilé, pé ọwọ́ méjèèjì ni ènìyàn fi ń wá ohun tí ó bá ń dùn ún. Ìyàwó mi kọ̀ jálẹ̀. Mo lọ láìsọ fún un, bàbá kan sì fún mi ní nǹkan tí mo tọ́jú sábẹ́ ibùsùn wa. Láti ìgbà náà ni n kò ti lè gbàdúrà dáadáa mọ́; bí mo bá kúnlẹ̀, abẹ́ ibùsùn ni ọkàn mi ń lọ. Bàbá, ṣé mo ti kọ Jésù sílẹ̀ ni? (Arákùnrin kan, Òṣogbo)

Ìdáhùn: Ọmọ mi, kí n tó sọ ohunkóhun, ọdún mẹ́jọ gùn. Mo mọ iye ìsọmọlórúkọ tí ẹ̀yin méjèèjì yóò ti lọ láàárín ọdún mẹ́jọ, àti iye ẹnu tí yóò ti sọ fún yín níbẹ̀ pé 'Ọlọ́run á ṣe tiyín náà', tí ẹ ó dáhùn pẹ̀lú ẹ̀rín, tí ẹ ó sì dákẹ́ nínú ọkọ̀ títí ẹ ó fi délé. Kí Olúwa tu yín nínú.

O kò kọ Jésù sílẹ̀. Ẹni tí ó bá ti kọ̀ Ọ́ sílẹ̀ kì í ní irú ìdààmú yìí nígbà tí ó bá kúnlẹ̀. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé o fẹ́ máa bá A lọ kí o sì ní ọ̀nà mìíràn lẹ́yìn, bí Òun kò bá dáhùn. Jákọ́bù pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní oníyè méjì, ó sì fi í wé ìgbì omi òkun tí afẹ́fẹ́ ń bì síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ìwọ fúnra rẹ ti mọ̀ pé òótọ́ ni.

N kò sọ èyí láti bú bàbá tí ó fún ọ ní nǹkan náà. Òun ń ṣe ohun tí ó gbàgbọ́. Ìwọ ni o lọ gba ohun tí o kò gbàgbọ́. Kí ó sì má ṣe dà bí ẹni pé ewé ni mò ń bá jà. Ọlọ́run ni ó dá ewé, àgbo tí a mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ àti iṣẹ́ tí ó ń ṣe kò yàtọ̀ sí oògùn tí a rà ní ilé ìtajà oògùn. Ìbéèrè tí o ní láti bi ara rẹ ni ti ta ni o ń fi nǹkan yẹn bẹ̀, àti pé kí nìdí tí ó fi ní láti wà níbi tí ìyàwó rẹ kò ní rí i.

Nínú Máàkù 9, bàbá kan gbé ọmọ rẹ̀ tí ó ti ń jìyà láti ìgbà èwe wá sọ́dọ̀ Jésù. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn ti gbìyànjú, wọn kò rí i ṣe, ọkàn bàbá náà sì ti rẹ̀. Ó kígbe pé, 'Olúwa, mo gbàgbọ́. Ràn àìgbàgbọ́ mi lọ́wọ́.' Iyèméjì wà nínú rẹ̀ bí ó ti wà nínú rẹ, ṣùgbọ́n ó gbé tirẹ̀ wá síwájú Jésù ní gbangba, ìwọ sì gbé tìrẹ sábẹ́ ibùsùn. Jésù kò lé e padà pé kí ó lọ wá ìgbàgbọ́ tí ó kún wá. Ó gbà á pẹ̀lú èyí tí ó ní, Ó sì wo ọmọ náà sàn. Nítorí náà, má ṣe dúró kí ẹ̀rù tó kúrò lára rẹ kí o tó gbé nǹkan yẹn jáde. Gbé e jáde pẹ̀lú ẹ̀rù náà.

Àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn jù lórí ọ̀rọ̀ yìí ni Kálébù, nítorí pé òun ni Ìwé Mímọ́ sọ nípa rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, lẹ́ẹ̀kan sí i, pé ó tẹ̀lé Olúwa ní kíkún. Ẹni ogójì ọdún ni nígbà tí Mósè rán àwọn méjìlá lọ wo ilẹ̀ Kénáánì. Àwọn mẹ́wàá dá ẹ̀rù ba àwọn ènìyàn, òun àti Jóṣúà nìkan ni ó dúró. Kí ni ó sì rí gbà nítorí ìdúróṣinṣin rẹ̀? Aginjù ni. Ó bá àwọn tí kò gbàgbọ́ rìn nínú iyanrìn, ó bá wọn sin òkú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, láìṣe pé òun ni ó ṣẹ̀. Nígbà tí ó dúró níwájú Jóṣúà láti béèrè Hébúrónì, ó ti di ẹni 85, ọdún 45 sì ti kọjá lórí ìlérí náà. Mo ń sọ èyí fún ọ nítorí àwọn kan máa ń wàásù pé bí ènìyàn bá ti fi gbogbo ọkàn tẹ̀lé Olúwa, ohun tí ó ń wá yóò dé kíákíá. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún Kálébù. Ohun tí ó ní ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn ni ọkàn tí kò pín sí méjì, ẹni tí ó bá sì ti mọ bí oorun ṣe ń dá lójú nítorí nǹkan tí a fi pamọ́ yóò mọ̀ pé ohun ńlá ni. N kò lè ṣèlérí ọmọ fún ọ lórí ìwé ìròyìn. Ṣùgbọ́n mo lè sọ fún ọ pé àdúrà rẹ yóò tún padà di àdúrà.

Nítorí náà, sọ fún ìyàwó rẹ lónìí, kí o tó sọ fún pásítọ̀. Òun ni o dà. Ó lè bínú, jẹ́ kí ó bínú. Má ṣe fi ẹsẹ Bíbélì pa á lẹ́nu mọ́. Kí ẹ̀yin méjèèjì jọ gbé nǹkan náà jáde kúrò nílé, lẹ́yìn náà kí ẹ̀yin méjèèjì, mo tún un sọ, ẹ̀yin méjèèjì, lọ sí ilé ìwòsàn fún àyẹ̀wò. Lẹ́tà rẹ kò sọ bóyá wọ́n ti yẹ ìwọ wò rí. Nínú ọ̀pọ̀ ilé Kristẹni, obìnrin ni wọ́n ń gbé kiri gbogbo ìsọjí àti ilé ìwòsàn, nígbà tí ó jẹ́ pé àléébù náà lè wà lára ọkùnrin. Ọkùnrin tí ó bá gbẹ́kẹ̀ lé Jésù kò yẹ kí ó bẹ̀rù ohun tí dókítà yóò sọ nípa ara rẹ̀.

Ní ti ìyá rẹ, má ṣe bá a jà. Rántí Àjàyí Crowther. Wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, kò sì fojú kan ìyá rẹ̀, Àfálà, mọ́ títí di 1846, nígbà tí wọ́n pàdé ní Abẹ́òkúta. Crowther ti di àlùfáà láti 1843. Ìyá rẹ̀ sì wà nínú ẹ̀sìn àwọn baba rẹ̀. Ó mú ìyá náà mọ́ra bí ọmọ, kò sì fi ìgbàgbọ́ rẹ̀ pamọ́ fún un. Ó tó ọdún kan àti ààbọ̀ lẹ́yìn náà, ní oṣù Kejì 1848, kí ìyá náà tó ṣe ìrìbọmi, orúkọ tí wọ́n sì fún un ni Hánà, orúkọ ìyá Sámúẹ́lì inú Bíbélì, obìnrin tí ó sunkún ọmọ níwájú Olúwa ní Ṣílò. Dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ, dúpẹ́ pé ọ̀rọ̀ rẹ ń dùn ún, kí o wá sọ fún un kedere pé o ti dá nǹkan náà nù àti pé o kò ní lọ mọ́. Kí o máa ṣe ìtọ́jú rẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Ìbéèrè: Ẹni ọdún 67 ni mí, ó ti pẹ́ tí mo ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Olórí ẹgbẹ́ àdúrà kan sọ pé bí mo bá gbẹ́kẹ̀ lé Jésù ní tòótọ́, n kò ní máa gbé oògùn mì. Mo ti dá a dúró láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, orí ń fọ́ mi, ojú mi sì ń ṣú nígbà mìíràn. Ṣé ìgbàgbọ́ mi ni kò tó? (Ìyá àgbà kan, Adó-Èkìtì)

Ìdáhùn: Màmá, a ti kọ̀wé sí yín lọ́tọ̀ ní kété tí lẹ́tà yín dé, pé kí ẹ lọ rí dókítà yín lọ́jọ́ náà gan-an. A tẹ̀ ẹ́ jáde níbí nítorí àwọn mìíràn tí wọ́n wà nínú irú ipò yín. Ẹ̀jẹ̀ ríru lè máa ba iṣan ẹ̀jẹ̀ jẹ́ láìpariwo títí yóò fi fa àrùn rọpárọsẹ̀. Orí fífọ́ àti ojú tí ń ṣú lẹ́yìn tí ènìyàn dá oògùn rẹ̀ dúró kì í ṣe ohun tí a ń fi àdúrà nìkan dúró wò nílé.

Jésù fúnra Rẹ̀ ni ó sọ nínú Mátíù 9:12 pé àwọn tí ara wọn le kò nílò oníṣègùn, bí kò ṣe àwọn tí ara wọn kò dá. Lúùkù tí ó bá Pọ́ọ̀lù rìn, oníṣègùn ni. Nígbà tí Hesekáyà ń ṣàìsàn, Olúwa ti ṣèlérí ìwòsàn fún un, síbẹ̀ Àìsáyà ní kí wọ́n mú odindi èso ọ̀pọ̀tọ́ wá kí wọ́n fi lé ojú oówo rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ilẹ̀ wa ní ìtàn tirẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn lúkúlúkú ń pa àwọn ènìyàn ní 1918, àwọn kan péjọ fún àdúrà ní Ìjẹ̀bú-Òde, láti inú ẹgbẹ́ wọn sì ni gbòǹgbò kan nínú àwọn gbòǹgbò Ìjọ Àpọ́sítélì Kristi ti hù. Àwọn baba wọ̀nyẹn gba ìwòsàn láti ọwọ́ Ọlọ́run gbọ́ láìlo oògùn, ẹ̀mí ara wọn ni wọ́n sì fi lé e. Ẹni tí ó bá ń fi ẹ̀mí ìyá ẹni ọdún 67 dán ìgbàgbọ́ wò kò sí ní ọ̀nà wọn. Màmá, ẹ fi àdúrà sí oògùn yín, kí ẹ sì máa lò ó bí dókítà ṣe kọ ọ́.

Ìbéèrè: Mò ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọjọ́ Ìsinmi mẹ́ta nínú mẹ́rin ni mo máa ń wà lẹ́nu iṣẹ́, ó sì ń ṣe mí bíi pé mò ń fi ìyókù ṣẹ́kù fún Olúwa. (Ọ̀dọ́mọbìnrin kan, Lọ́ńdọ̀nù)

Ìdáhùn: Ọmọ mi, ka Kólósè 3:22 sí 24, kí o sì wo àwọn tí Pọ́ọ̀lù ń bá sọ̀rọ̀. Ẹrú ni wọ́n. Kò sí ẹni tí ń bi wọ́n léèrè ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ sinmi. Àwọn ni ó sì sọ fún pé ohunkóhun tí wọ́n bá ń ṣe, kí wọ́n fi tọkàntọkàn ṣe é bí ẹni pé fún Olúwa ni, nítorí Olúwa Kristi ni wọ́n ń sìn. Iṣẹ́ òru tí o ń ṣe kò sí lẹ́yìn ògiri ìsìn.

Síbẹ̀, má ṣe gba ohun tí mo sọ yìí kí o wá máa dá nìkan gbé. Béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ bóyá wọ́n lè fi ọjọ́ Ìsinmi kan sí i sílẹ̀ fún ọ lóṣù. Bí kò bá ṣeé ṣe, wá ìjọ tí ó ní ìpàdé àárín ọ̀sẹ̀, kí o sì jẹ́ kí ẹnì kan níbẹ̀ mọ̀ ọ́ dé ibi pé yóò pè ọ́ bí kò bá rí ọ. Kí o máa ka Ìhìnrere Máàkù nínú bọ́ọ̀sì bí o bá ń lọ síbi iṣẹ́, ìwọ̀nba tí o lè kà láti ibi tí o ti wọ̀ ọ́ dé ibi tí o ti sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí o bá sì ń pààrọ̀ aṣọ bàbá arúgbó kan ní aago mẹ́rin ìdájí, tí kò sí ọ̀gá kankan nítòsí tí ó lè mọ̀ bí o bá kánjú, fi ara balẹ̀ ṣe é. Kọ̀wé sí mi lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kí o sọ bí ó ti rí.